Ọtí Inú Àpótí: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ènìyàn Yọ́ Ohun Mímu Tirẹ̀ Wọ Ọkọ̀ Ẹlòmíràn?

Ní ìparí oṣù tí ó kọjá, àgbà olùkọ́ kan ní Ṣakí, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ti san owó ọkọ̀ fún òun àti ìyá àwọn ọmọ, kí wọ́n lè bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Florida. Irú ọkọ̀ tí à ń wí yìí kì í gbé ènìyàn lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ibi ẹ̀kọ́. Ńṣe ni ó ń gbé wọn yí àwọn erékùṣù ká fún ìgbádùn, tí ó sì ń dá wọn padà sí èbúté tí wọ́n ti gbéra.

Nígbà tí mo jókòó tán, tí a sì ti kí ara wa dáadáa, Bàbá sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, “Katikíìsì, ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn. Ìyá àwọn ọmọ fẹ́ ro sóbò sínú ìgò kí ó gbé e wọ ọkọ̀, nítorí pé wọ́n ti kà nínú ìwé pé ohun mímu wọ́n níbẹ̀. Èyí kò dùn mí tó ti ọkọ ọmọ mi. Òun ní tirẹ̀ ti ra ìgò oògùn ìfọnu, ó da ti inú rẹ̀ nù, ó sì fẹ́ rọ jíìnì sí i, kí ó fi àwọ̀ aró sí i, kí àwọn tí ń tú ẹrù má baà mọ̀. Ó fi han àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, kí ni kí n ṣe? Òun ni ó san owó ọkọ̀ mi.”

N kò lè dá Bàbá lóhùn ní ọjọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí tí n kò fi lè dáhùn, èmi yóò sọ ọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kì í ṣe ti ẹni tí ń lọ sí òkè òkun nìkan. Ó kan ẹni tí ń gba gbọ̀ngàn fún ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn, ó kan ẹni tí ń sùn ní ilé àlejò ní Ìbàdàn, ó sì kan olúkúlùkù wa tí ó ti fi ohun kan pamọ́ sábẹ́ aṣọ rí, tí ó sì fi ọgbọ́n pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú un wá síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí òfin náà ti rí, nítorí kò tọ́ kí a dá ẹjọ́ ohun tí a kò gbọ́ délẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní irú ọkọ̀ wọ̀nyí kì í jẹ́ kí èrò gbé ọtí líle wọlé. Ilé-iṣẹ́ Carnival, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ, gbà kí àgbàlagbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 gbé ìgò wáìnì kan ṣoṣo tí kò ju mílílítà 750 lọ wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ó gbà pẹ̀lú kí ènìyàn gbé ohun mímu díẹ̀ tí kò ní ọtí nínú, bí ó bá jẹ́ ti inú agolo tàbí ti inú páálí. Ní ọdún 2015 ni ó ka ti inú ìgò léèwọ̀, àti omi pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ọtí funfun sínú ìgò omi, wọ́n sì ń dé e padà bí ẹni pé a kò ṣí i rí. Bí èrò bá ra ọtí ní èbúté tí wọ́n yà sí, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò pa á mọ́ fún un, wọn yóò sì dá a padà fún un nígbà tí ìrìn àjò bá parí.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: sóbò ìyá arúgbó ní Ṣakí kò lè wọ ọkọ̀ nítorí ẹ̀tàn àwọn tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àrékérekè máa ń ṣe. Ẹni tí ó hù ú a lọ ní àlàáfíà, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹnu ọ̀nà ń há mọ́.

Kí ni ìdí òfin yìí? Àwọn kan a wí pé nítorí ààbò ni, kí ènìyàn má baà mutí yó kí ó ṣubú sínú òkun. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, nítorí ẹni tí ń ta ọtí lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá ọwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ka iye ife tí a mu nínú yàrá tí a tì. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ: èrè ni ìdí tí ó tóbi jù. Nínú owó tí ó wọlé fún ilé-iṣẹ́ Carnival ní ọdún 2023, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò ti inú owó ọkọ̀ wá. Inú ohun tí èrò rà nígbà tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ tán ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ọtí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Èyí ni pé wọ́n ń dín owó ọkọ̀ kù kí ènìyàn lè wọlé, kí wọ́n sì lè jèrè lórí ife tí yóò mu. Àwọn tí ń gbé ọtí káàkiri pẹ̀lú ń rí ìdá díẹ̀ gbà lórí gbogbo ife tí a bá rà, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ti ilé wọn jìnnà, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí òbí wọn.

Ẹni tí ń yọ́ ọtí gbé wọlé ní àwíjàre tirẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Èkíní, yóò wí pé: “Owó mi ni mo fi ra ọtí yìí, n kò jí i. Owó mi ni mo fi wọ ọkọ̀, n kò wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni mo wá rẹ́ jẹ?” Èkejì, yóò wí pé: “Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń gbé omi tirẹ̀ dání.” Ẹ̀kẹta, yóò wí pé: “Òfin tí olówó ṣe kí ó lè pọ̀ sí i lówó kì í ṣe òfin tí ó yẹ kí ọkàn ènìyàn bẹ̀rù.” Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èkejì, nítorí òun ni ó súnmọ́ ilé wa jù.

Òtítọ́ ni pé ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí, ẹni tí yóò ti Ìsẹ́yìn rìn dé Ṣakí ní ìgbà ọyẹ́ ní ayé àtijọ́ kò jẹ́ gbéra láìsí kèrègbè omi. Kò sí onílé tí ó jẹ́ bínú sí kèrègbè àlejò, nítorí ojú ọ̀nà ni omi náà wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí ó wọ ọkọ̀ Aureol, tí ó ń ná Èkó sí Ìlú Ọba láti ọdún 1951 títí di ọdún 1974. Ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni, ìrìn tí ó sì pọn dandan fún ẹni tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbádùn kì í ṣe ọ̀nà, ilé ni. Ilé ńlá kan tí ó léfòó ni, ẹni tí ó wọ ibẹ̀ kò ní ibòmíràn tí ó ń lọ. Omi tútù wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ kèrègbè kò dé ibẹ̀.

Nínú àṣà wa pẹ̀lú, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà gbé ohun mímu wọ ilé ẹlòmíràn, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Bí ọkùnrin kan bá gbé ọtí lọ sí ilé àna rẹ̀, tí ó gbé e kalẹ̀ níwájú wọn, ọ̀wọ̀ ni. Bí àlejò bá wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ara mi kò gba ohun gbogbo, àgbo mi ni mo gbé dání,” àìní ni, onílé yóò sì bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá jókòó ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó kọ omi tí a bù fún un, tí ó wá fa ìgò yọ lábẹ́ agbádá, tí ó ń dá mu ní kọ̀rọ̀, ẹ̀gàn ni, tàbí ìfura. Onílé yóò bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé ó rò pé mo fẹ́ fún un ní májèlé ni?” Ọtí kan náà lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ìwọ̀sí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá a gbé e wọlé ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀.

Àwíjàre kẹta wúwo ju ìwọ̀nyí lọ, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn bàbá wa mọ òfin ọtí tí kò tọ́. Ní ọdún 1919, àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó ṣe ní Saint-Germain-en-Laye dá kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wá sí ilẹ̀ Áfíríkà dúró. Àwọn ènìyàn rere ti jà fún irú èyí tipẹ́, nínú wọn ni Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell, ẹni tí ó ti ń kígbe tako òwò ọtí kí ọ̀rúndún tí ó kọjá tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí jíìnì olówó gọbọi ṣì ń wọlé, ìjọba sì ń gba owó orí lórí rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ dá ní àárín ọdún 1930 sí 1939, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹmu ṣe ògógóró, ìjọba lé wọn, ó kó wọn sí ẹ̀wọ̀n. A wí pé nítorí ìlera ni, ṣùgbọ́n owó orí tí yóò sọnù wà nínú ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn fi ògógóró pamọ́, ọ̀pọ̀ kò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí ń da jíìnì sínú ìgò ìfọnu kò lè wí pé ọmọ wọn ni òun?

Kò lè wí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ẹni tí ń ṣe ògógóró ní ọdún wọnnì kò yan ìjọba tí ó wà lórí rẹ̀. Wọn kò bi í léèrè kí wọ́n tó ṣe òfin, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn tí ó lè kó lọ. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni òfin náà dí mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ìgbádùn ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Ó ka òfin kí ó tó san owó, ó sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ ẹ, ó lè jókòó sílé, ó lè wọ ọkọ̀ mìíràn, ó sì lè mu omi. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ó jẹ nínú àdéhùn tí ó dín owó ọkọ̀ rẹ̀ kù, kí ó má sì san èyí tí ó kù. Ìlérí ni ó dà.

Ó kù èkíní: “Ta ni mo rẹ́ jẹ?” Níbí ni mo dé ibi tí ẹnu mi fi wọ lọ́dọ̀ Bàbá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó ohun jíjẹ àti ohun mímu. Gbọ̀ngàn tí a gbà ní òfin pé ẹni tí ó bá gbé ohun mímu ti òde wá yóò san iye kan lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní owó ṣíṣí ìgò. Mo ka òfin náà, mo sì fọwọ́ sí i. A san owó lórí ogún kéréètì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, a kó mẹ́rìndínlógún mìíràn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, a tò wọ́n sínú àwọn ìkòkò ńlá tí àwọn alásè fẹ́ fi se ìrẹsì, a sì dé wọn lómọrí. Mínírà lásán ni, kì í ṣe ọtí. Mo wí fún ara mi pé olówó ni ó ni gbọ̀ngàn, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ọlọ́dẹ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà náà mọ̀ mí. Ó ti kọrin rí nínú ìjọ tí mo ti ṣiṣẹ́. Ó rí ohun tí a ń ṣe, ó wo ojú mi, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

Nígbà tí ìnáwó parí, onígbọ̀ngàn ka òfìfo ìgò. Ó mọ iye tí a san owó rẹ̀, ó sì mọ iye tí ó rí. Kò wá sí ọ̀dọ̀ mi. Inú owó iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni ó ti yọ ọ́, fún oṣù méjì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn èyí, mo pàdé aya ọkùnrin náà ní ọjà. Mo béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, ó sì wí fún mi pé ọmọ kò tí ì padà sí ilé-ìwé nítorí owó. Kò mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí. Ó kàn ń ṣàlàyé pé àwọn kan kó ẹrù gba ẹ̀yìn, a sì fi ọrùn ọkọ òun san án.

Mo tọ onígbọ̀ngàn lọ, mo jẹ́wọ́, mo sì san gbogbo rẹ̀. Mo mú owó tí a yọ lọ fún ọkùnrin náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó gbà á, ó sì dúpẹ́. Ọmọ padà sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wá, nígbàkígbà tí ó bá kí mi, ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí kò ní iye tí a lè fi rà á padà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé olówó ni òun rẹ́ jẹ, mo mọ̀ pé kò ì tíì rí òpin ọ̀rọ̀. Olówó mọ bí a ti ń ti àdánù kúrò lórí ara rẹ̀. Orí ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ni yóò balẹ̀ sí, tàbí orí ẹni tí ń gbé ife, tàbí orí ìyá arúgbó tí a kò jẹ́ kí ó gbé sóbò rẹ̀ wọlé. Kí a tilẹ̀ wí pé kò balẹ̀ sí orí ẹnikẹ́ni, ọmọ tí ó dúró tì ọ́ nígbà tí o ń rọ jíìnì sínú ìgò ìfọnu ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá fi ẹ̀rín kọ́, kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí ó gbé ohun mímu dání ni ó jẹ̀bi. Oògùn aláìsàn àti wàrà ọmọ ọwọ́ kò ní láti farapamọ́; kí a fi hàn, kí a sì ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé onílé kò ní gbèsè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òfin, kí ó sọ ọ́ kí ó tó gba owó, kì í ṣe nígbà tí àlejò ti dé tán tí kò lè padà. Kí ó má ta omi ní iye tí òùngbẹ yóò fi di ìjìyà. Kí ó má sì fi owó iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ dí ihò tí ẹlòmíràn gbẹ́. Onígbọ̀ngàn yẹn pẹ̀lú ṣe ohun tí kò tọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí ọ̀nà fún un.

Mo ti wá ń lo ìdánwò kan fún ara mi, mo sì fi í lé ẹ̀yin pẹ̀lú lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ gbé ohun kan wọ ilé ẹlòmíràn, bi ara rẹ pé: ǹjẹ́ mo lè gbé e ní ọwọ́ gba iwájú olùṣọ́, kí n sì pè é ní orúkọ rẹ̀? Bí o bá lè ṣe é, máa gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní kí o san owó, san án tàbí kí o dá a padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan kí o kọ́kọ́ yí orúkọ rẹ̀ padà, kí o fi aró pa á láró, kí o fi aṣọ bò ó, ìwọ fúnra rẹ ti dá ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá, mo sì sọ ìtàn ara mi fún un kí n tó sọ ìmọ̀ràn kankan. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Ó san owó ọkọ̀ mi, Katikíìsì.” Mo ní, “Bàbá, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lè gbọ́, kí ojú má baà tì í. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ bí bàbá ti ń pe ọmọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ dúpẹ́, àti pé ẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ó san owó rẹ̀ láìbẹ̀rù ẹni tí ń tú ẹrù.”

Ìyá àwọn ọmọ, tí ó ti ń gbọ́ wa láti ibi ìdáná, dáhùn pé òun yóò mu sóbò òun ní Ṣakí kí òun tó gbéra, òun yóò sì mu ún nígbà tí òun bá dé. Ó ní òùngbẹ ọjọ́ díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí níbi tí omi wà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó pe ọkọ ọmọ rẹ̀.